Ṣílè funfun, ṣílè pupa: owó ìgbà ogun tó kù sínú agolo ní Odògbólú

Bí wọ́n bá ń wó ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Odògbólú kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun sípò rẹ̀, kì í ṣe ohun ìyanu kí ọkọ́ kọ lu ìkòkò kékeré tàbí agolo tó ti dípẹtà nínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, kì í sábà jẹ́ wúrà ló wà níbẹ̀. Owó ẹyọ díẹ̀ ni, kọ́bọ̀ onihò tí wọ́n fi okùn sín pọ̀, àti ṣílè bíi mélòó kan, òmíràn funfun, òmíràn pupa bí idẹ. Àwọn ọmọ ilé á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní kò ṣeé ná mọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ń kọjá ni, orí òṣùwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí, òun àti ìdérí ìkòkò tó ti lu àti rìímù kẹ̀kẹ́ tó ti tẹ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú agolo náà. Ṣílè funfun àti ṣílè pupa yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, tí àwòrán igi ọ̀pẹ kan náà sì wà lára wọn. Fàdákà ni ọ̀kan, idẹ ni èkejì. Ogun ló sọ fàdákà di idẹ, ìyẹn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n jà láti ọdún 1914 sí 1918. Láàárín méjèèjì ni bébà kan wà tí kò sí nínú agolo, bóyá nítorí pé ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́, bóyá nítorí pé ẹni tó ni agolo kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láéláé.

Káàkiri ayé ni àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé irú owó ìgbà ogun báyìí ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn jù ni owó tí kì í ṣe ìjọba ló ṣe é rárá, tó jẹ́ pé oníṣòwò kan, alápatà, onílé ọtí tàbí ẹni tó ń ta oògùn ló ní kí wọ́n bá òun ṣe é nígbà tí kò sí ṣéńjì nílùú.

Orúkọ tó bá irú owó bẹ́ẹ̀ mu kò jìnnà sí wa: tálì. Ẹni tó bá ti gbé fóònù lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i mọ ohun tó ń jẹ́ tálì. Páálí pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni. Tálì kì í ṣe fóònù, kò sì níye lórí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un padà wá ni wọ́n ń fún ní fóònù. Bí ẹni tó ni ìsọ̀ bá sá lọ, tálì di páálí lásán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni owó tálì àwọn oníṣòwò rí.

Kí ló ń mú kí owó wẹ́wẹ́ pòórá nígbà ogun? Ohun méjì ni. Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe owó ni wọ́n tún fi ń ṣe ọta àti ohun ìjà, ọkọ̀ ojú omi tí ì bá kó owó tuntun wá sì ti bá ogun lọ. Èkejì ni ìbẹ̀rù. Bí ìró ogun bá ti ń bọ̀, ẹni tó ní fàdákà á rì í mọ́lẹ̀, á wá máa fi ohun mìíràn ná. Àwọn tó bá ti wọ dáńfó ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí l'Ékòó mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á ti máa kígbe pé kí kálukú wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀. Bí kò bá sí, á so ẹni méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ owó kan, ibi tí wọ́n bá sọ̀ sí ni wọ́n á ti máa jà á. Ilé ìtajà ńlá á ní kí oníbàárà gba súìtì méjì dípò ṣéńjì. Ogun kò sí o, síbẹ̀ ara ò rọ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ wá wò ó bó bá jẹ́ pé odindi orílẹ̀-èdè ni kò rí owó wẹ́wẹ́ fún ọdún kan, ọdún méjì.

Tálì àwọn ará Amẹ́ríkà

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1861, tó sì parí lọ́dún 1865. Kí ọdún 1861 tó parí, àwọn báńkì ti dáwọ́ dúró, wọn kò fi wúrà àti fàdákà san owó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1862, sẹ́ǹtì pàápàá, tó jẹ́ owó tó kéré jù lọ, ti wọ abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì, ẹni tó fẹ́ mu ife ọtí kan, ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, kò rí ohun tí yóò fi san.

Ìjọba wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi sítáǹpù, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ná bí owó. Àmọ́ sítáǹpù ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, òógùn ọwọ́ lásán ti tó láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Gault ló wá gba ìwé àṣẹ lóṣù kẹjọ ọdún 1862, ó ń fi sítáǹpù sínú idẹ kékeré róbótó, ó sì ń fi nǹkan tó ń dán bíi gíláàsì bo ojú rẹ̀. Ó tún ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kí ó tó kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Ìbọn ń dún, àwọn kan ń polówó ọjà.

Àwọn oníṣòwò yòókù kò dúró de ìjọba. Wọ́n lọ bá àwọn tó ń tẹ àwòrán sára irin, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ṣe bàbà pélébé tí kò tóbi ju sẹ́ǹtì lọ. Àwọn kan kọ orúkọ ìsọ̀ wọn àti ojúlé tó wà sí i. Àwọn mìíràn kò kọ orúkọ kankan, àsíá àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni wọ́n tẹ̀ sí i. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fojú bù ú pé irú tálì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún díẹ̀ yẹn tó mílíọ̀nù 25. Lára ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n kọ àṣẹ tí mínísítà ètò ìṣúná wọn nígbà kan, John Dix, pa nípa ẹni tó bá gbìyànjú láti fa àsíá wálẹ̀, pé kí wọ́n yìnbọn fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fi lẹ́tà kan lé e nínú ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ọgọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan tó ṣèèṣì wọ ibẹ̀ yẹn làwọn èèyàn ṣì ń fi awò wá.

Èyí tí wọ́n ń sọ jù nínú ìtàn wọn ni ti Gustavus Lindenmueller, onílé ọtí ní ìlú New York. Tálì tirẹ̀ kún ìgboro. Àwọn èèyàn fi ń mu ọtí, wọ́n sì fi ń wọ ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Third Avenue gbà á títí ó fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá kó o lọ bá onílé ọtí pé kó wá fi owó gidi gbà á padà. Wọ́n ní ṣe ni ọkùnrin náà fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí òfin tó lè mú un, wọ́n sì kó tálì wọn padà lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1864 ni ìjọba ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe sẹ́ǹtì ti ara rẹ̀ mọ́, òfin mìíràn tó tẹ̀ lé e lóṣù kẹfà ọdún náà sì fi gbogbo owó àdáni kún un. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé ọdún náà gan-an ni ìjọba sọ sẹ́ǹtì tirẹ̀ di bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú aráàlú ti mọ́ ti oníṣòwò, ìjọba sì kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Bí àwọn tálì yẹn ṣe wà títí dòní kò ṣẹ̀yìn àwọn tó kó wọn jọ. Bàbá àti ọmọ kan, Melvin àti George Fuld, ló jókòó tì í, tí wọ́n to gbogbo oríṣi tó wà sínú ìwé, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1967 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó o jọ sílẹ̀. Nítorí náà, orúkọ alápatà kékeré kan tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan ṣì wà lára bàbà, ojúlé tó ti ń ta ẹran sì wà níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣàkóso wa náà ti rìn ín rí. Nígbà tí àwọn àti ọba wọn ń bára wọn jà ní nǹkan bí ọdún 1648 sí iwájú, tí wọ́n sì bẹ́ ọba náà lórí lóṣù kìíní ọdún 1649, àwọn onísọ̀ wọn ló ń ṣe owó wẹ́wẹ́ fúnra wọn, títí di ọdún 1672 tí ọba Charles Kejì ṣe tirẹ̀, tó sì ní kí tálì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, àwọn Faransé ṣe owó bébà kékeré fún ilẹ̀ Dàhòmì lọ́dún 1917, ààbọ̀ faransì, faransì kan àti faransì méjì, nítorí pé ogun ti kó owó onírin lọ. Àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ná an. Ní Côte d'Ivoire, sítáǹpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí ni wọ́n fi ṣe owó lọ́dún 1920.

Bébà tí àgbẹ̀ kọ̀

Ó wá ku ilé. Kí òyìnbó tó fi ìbọn wọ Ìjẹ̀bú lóṣù karùn-ún ọdún 1892, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Alágbára ọkùnrin ló ń ru ọ̀kẹ́. Ẹyọ kò mọ sí owó nìkan ní Ìjẹ̀bú, wọ́n fi ń pa àrokò ránṣẹ́ síra wọn, bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ lojú sójú tàbí lẹ́yìn sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1904 ni ìjọba òyìnbó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹyọ wọlé láti òkè òkun mọ́. Owó onírin ló kù tí wọ́n fẹ́ kí aráyé máa ná.

Ọdún 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lápapọ̀. Láti ọdún 1913 ni ṣílè, ṣílè méjì, sísì àti tọ́rọ́ onífàdákà tiwọn ti ń jáde. Kọ́bọ̀ àti ọ̀níní onihò ti wà ṣáájú ìyẹn, àwọn kan lára wọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1907 sí 1911 ní orúkọ Nàìjíríà lára, nígbà tí wọn kò tíì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Àwọn èèyàn tẹ́wọ́ gba owó yìí. Ó ń dún lórí òkúta, wọ́n lè sín onihò sórí okùn bí ẹyọ, wọ́n sì lè yọ́ fàdákà fún alágbẹ̀dẹ kó fi ṣe ẹ̀gbà fún ìyàwó tuntun.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ni ogun dé. Fàdákà wọ́n, ọkọ̀ kò wá déédéé mọ́, iye owó onírin tí wọ́n béèrè fún láti London kò sì tó. Lọ́dún 1916 ni ìgbìmọ̀ náà gbé owó bébà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣílè méjì, ṣílè mẹ́wàá àti ogún ṣílè. Lọ́dún 1918 ni wọ́n tún ṣe ti ṣílè kan ṣoṣo. Tálì ìjọba nìyẹn, bí èèyàn bá fẹ́ pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlérí ni.

Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n, wọ́n ro ó dáadáa ni. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kan tó ru èkùrọ́ wá sọ́jà láti oko. Wọ́n ka bébà lé e lọ́wọ́. Ibo ni yóò gbé e sí? Bó bá rì í mọ́lẹ̀, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Bó bá fi há òrùlé, eku wà níbẹ̀, òjò sì ń jò wọlé. Bí iná bá jó ilé, ṣílè á ṣẹ́ kù nínú eérú, bébà kò ní ṣẹ́ kù. Ohun tí wọ́n kọ sí i, kò lè kà á. Òyìnbó tó fọwọ́ sí i, kò mọ̀ ọ́n. Ó sì ti gbọ́ ìtàn owó ẹyọ tó kún inú ilé baba rẹ̀, tí kò níye lórí mọ́ lójú rẹ̀ kòrókòró.

Bí iye méjì ṣe wọ ọjà nìyẹn. Iye kan wà fún ẹni tó bá mú fàdákà wá, iye mìíràn wà fún ẹni tó bá mú bébà wá, ti bébà ló sì máa ń pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tí wọ́n fi bébà sanwó fún kò lè fi ra iye iyọ̀ tàbí aṣọ tí ẹni tó ní fàdákà lè rà. Ẹni tó mọ̀wé, tó sì mọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti lè pa á dà, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó dín, òun ló jèrè. Ọ̀rọ̀ tó ń dunni nínú ìtàn yìí ni pé ìlérí kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, síbẹ̀ ẹni tó jìnnà sí ìlú ńlá ló san gbèsè rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ríran jù

Ogun parí lọ́dún 1918, àmọ́ iye fàdákà ń gun òkè sí i. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 1920, fàdákà tó wà nínú ṣílè kan níye lórí ju ṣílè kan lọ. Ẹni tó bá yọ́ owó ìjọba tà á jèrè. London kò lè gba ìyẹn láyè. Bí ṣílè ṣe di idẹ nìyẹn láti ọdún 1920. Igi ọ̀pẹ kò kúrò lára rẹ̀, orí ọba George Karùn-ún kò kúrò níbẹ̀, ohun tó yí padà ni irin rẹ̀.

Idẹ kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìjẹ̀bú. Àwọn tó ń rọ edan Òṣùgbó, tí wọ́n ń fi ìda àti amọ̀ ṣe ẹ̀dà ojú, irun àti ìrùngbọ̀n láìkù síbì kan, kí ni ó ṣòro nínú ṣílè fún wọn? Wọ́n gbé e wò, wọ́n rí i pé idẹ tó wà nínú rẹ̀ kò tó ṣílè kan rárá. Ìjọba ti fi orúkọ lásán kún un. Àwọn kan nínú wọn sì sọ pé bí ìjọba bá lè fi orúkọ kún idẹ, àwọn náà lè ṣe é.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú kò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ létí àjèjì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Toyin Falola kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1997, Ayodeji Olukoju náà kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2000. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ogun, pàápàá láàárín ọdún 1930 sí 1939, ayédèrú ṣílè gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìjẹ̀bú sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́ka sí jù, débi pé àwọn aráàlú mìíràn ń pe ayédèrú ní owó Ìjẹ̀bú. Olukoju tilẹ̀ béèrè lójú ìwé rẹ̀ bóyá olè lásán ni, tàbí ọ̀nà kan tí aráàlú gbà kọ ìjọba àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ni ayédèrú kọ́kọ́ ń ta lára. Ìyá tó ta gààrí láti àárọ̀, tó délé, tó ka owó rẹ̀, tó wá bá méjì tí kò dún dáadáa nínú rẹ̀, òun ló pàdánù. Kò lè gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí ayédèrú bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá ń kọ́kọ́ mú.

Lọ́dún 1938 ni London wá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n yí irin ṣílè padà díẹ̀, wọ́n sì fi kòtò tóóró yí etí rẹ̀ ká, ohun tí ìda àti amọ̀ kò ní rọrùn láti ṣe. Ẹni tó bá ní ṣílè pupa nílé, kó fi èékánná wá kòtò yẹn ní etí rẹ̀. Ayédèrú ló fà á tó fi wà níbẹ̀.

Ogun ilé wa náà kò ṣàì fọwọ́ kan owó. Lóṣù kìíní ọdún 1968, ìjọba àpapọ̀ pa gbogbo owó bébà tó wà níta dà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí owó tó wà lọ́wọ́ Biafra lè di asán. Oṣù kan náà ni Biafra gbé bébà tirẹ̀ jáde, wọ́n sì fi owó onírin kún un lọ́dún 1969. Nígbà tí ogun parí lóṣù kìíní ọdún 1970, ogún pọ́n-ùn ni wọ́n fún ẹni tó ní owó ní báńkì níbẹ̀, iye yòówù kó ní. Owó Biafra tí kò ra àgbàdo kan nígbà yẹn ni àwọn akójọ ń fi owó gidi wá kiri báyìí.

Ó ṣe ni ní kàyéfì pé ohun tí àwọn bàbá wa kọ̀ lọ́dún 1916 ni àwa kò fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dún 2007. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, irin ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ bébà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé owó onírin náírà kan àti náírà méjì jáde lóṣù kejì ọdún 2007, àwọn ọlọ́jà kò gbà á, bébà ni wọ́n fẹ́. Àwọn tó rí oṣù kìíní sí ìkẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dá owó àtijọ́ padà, tí tuntun kò sì tó, mọ bí ó ṣe ń rí kí èèyàn fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní POS. Ní abúlé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, bí obìnrin bá ní tòmátò, títí ó fi jẹrà ni yóò máa wò ó. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n máa ná àtijọ́ lọ.

Bí ẹ bá bá a nínú agolo

Kò sí ohun tó nílò kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí kó owó àtijọ́ jọ ju ojú àti sùúrù lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ti wà nílé. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ni ìmọ́tótó. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ń mú idẹ dán, wọ́n sì fẹ́ràn kí nǹkan dán. Ẹ má ṣe fi fọ owó àtijọ́. Dúdú tó bo ṣílè lára ń dáàbò bò ó, ẹni tó bá fi iyanrìn họ ọ́ ti họ iye rẹ̀ pẹ̀lú. Bí erùpẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, omi tó mọ́ ti tó, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí ẹ má ṣe nù ún. Ẹ má ṣe lu ihò sí i láti fi so sọ́rùn ọmọ. Ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá tàbí láílọ́ọ̀nù, nítorí pé ó ń láàgùn nínú rẹ̀. Ènífílọ́ọ̀pù kékeré, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló dára jù.

Lójú igi ọ̀pẹ, lábẹ́ tàbí nítòsí ọdún tí wọ́n kọ sí i, ẹ lè rí lẹ́tà kékeré kan. H ni ti ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN ni ti King's Norton. Ọdún àti lẹ́tà yẹn ni àwọn tó mọ̀ ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ṣílè pupa kò wọ́n rárá, nítorí wọ́n ṣe é púpọ̀. Èyí tí ó lè níye lórí gan-an ni bébà ọdún 1916 sí 1918, nítorí pé ikán, eku àti iná ti ṣe iṣẹ́ wọn. Kí ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú Bíbélì bàbá bàbá rẹ̀ má ṣe ká a, kó má sì ṣe fi sẹ́lótéèpù dí ibi tó ya.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ, ohun tí àwọn akójọ Amẹ́ríkà fi lé wa lọ, ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tí ẹ ti rí i. Ilé ta ni? Abẹ́ àjà ni tàbí abẹ́ ògiri? Kí ni ó bá a pọ̀? Ta ló ṣì ń rántí bó ṣe dé ibẹ̀? Ṣílè kan tí ó wá láti ìsọ̀ onírin àlòkù, ṣílè lásán ni. Ṣílè tí ẹni ọgọ́rin ọdún sọ pé ìyá òun fi ta obì nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí wọ́n kọ orúkọ ọjà náà sínú ènífílọ́ọ̀pù, ohun mìíràn ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú un lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀m̀báyé ìjọba, bíi ti Oníkan l'Ékòó. Báńkì Àpapọ̀ náà ní ilé tí wọ́n ti ń fi owó àtijọ́ hàn ní Abújá.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ bá ṣílè pupa kan tí lẹ́tà rẹ̀ kò là dáadáa, tí ihò wínníwínní wà lójú rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́, tó fúyẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jù ú nù nítorí pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ pé ìda àti amọ̀ ni wọ́n fi rọ ọ́, kó sì jẹ́ pé Ìjẹ̀bú níhìn-ín ni wọ́n ti rọ ọ́. Owó tí wọ́n lè fi ẹni tó ṣe é sẹ́wọ̀n ní 1935 ni àwọn kan nínú àwọn akójọ máa ń yà sọ́tọ̀ nínú àpótí wọn lónìí, tí wọ́n á sì gbowó lé e ju ojúlówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.